Ẹ́ńjìnnì Tí Wọ́n Dí Nímú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹ̀sùn tí mi ò fi kan mẹ́káníìkì bàbá mi, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé ìbínú ló ń gbé ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọ̀mùtí. Bí ó bá ní kí n wá gbé mọ́tò lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ lẹ́yìn ìrun, tí mo bá dé ibẹ̀, mọ́tò á ti ṣe tán, wọ́n á sì ti nù ún. Kò fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ ṣe ti ẹlòmíràn rí. Ó mọ iṣẹ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí gan-an ni ẹ̀sùn mi. Ká ní kò mọ iṣẹ́ ni, mi ò bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà tipẹ́.

Mọ́tò náà, ti bàbá mi ni tẹ́lẹ̀. Tókúnbọ̀ funfun kan ni, tó ti dàgbà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó, bàbá mi sì rà á lọ́dún tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Gowon Estate ló ń gbé, ní òkè, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Mo gbà pé torí fèrèsé yẹn ni kò ṣe kó kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú. Akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì ni ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Ìwé pélébé kan tí èèpo rẹ̀ dúdú wà nínú píjìnhóòlù mọ́tò náà, inú rẹ̀ ló ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe sí mọ́tò sí: ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, ọjọ́ tí táyà jò, ohun tí mẹ́káníìkì sọ, àti ohun tí òun náà fèsì. Ó tún mú ọ̀dà funfun àti igi ìṣáná, ó kọ 1, 2, 3, 4 sórí ìdérí ẹ́ńjìnnì, kí wáyà pulọ́ọ̀gì má baà dàrú mọ́ni lọ́wọ́. Orí 4 tirẹ̀ kì í pàdé. Bí àga tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ló ṣe máa ń rí, nínú ìwé tàbí lára irin.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mẹ́káníìkì náà, ó tó ọdún mẹ́wàá tó fi jù mí lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú ọgbà kan láàárín Ìṣẹ̀rí-Olófin àti Ìgàndó, níbi tí òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi ni bàbá mi ń pè é. Mọ́tò tirẹ̀, aláwọ̀ eérú, wà lórí òkúta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà, kò ní ẹ́ńjìnnì nínú, bàbá mi a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Onídìrí tí orí tirẹ̀ rí jákujàku ni ẹ́.” Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní Bàbá, ọjọ́ kan ń bọ̀.

Ìjọ Áńgílíkà la wà, mùsùlùmí lòun. Bí Iléyá bá dé, á gbé itan àgbò wá fún bàbá mi nínú abọ́ tánńganran aláwọ̀ búlúù kan tó ní ìdérí. Bí Kérésìmesì bá dé, ìyá mi á bu ìrẹsì àti adìyẹ sínú abọ́ náà, á dá a padà. Nínú ilé wa, a kì í dá abọ́ padà lófìfo. Ìyá mi ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi sì bá a níbẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi kú, mẹ́káníìkì náà ló wa mọ́tò funfun yẹn tẹ̀lé òkú lọ sí ìlú wa. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kó yẹ̀pẹ̀ bo ibojì tán, ó dì mí léjìká mú. Ó ní, “Àbúrò, mọ́tò yìí ò ní kú lọ́wọ́ mi.” Mi ò tọrọ ìlérí kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ṣe é fúnra rẹ̀, lójú ibojì, mo sì gbé ọkàn mi lé e. Kì í ṣe torí irin o. Àga bàbá mi ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aṣọ rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn àbúrò rẹ̀. Ohùn bàbá mi tí mo ń gbọ́ láti kékeré mi tí mo fi ń mọ̀ pé ó ti dé láti ibi iṣẹ́, mi ò ní i mọ́. Ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn, tó máa ń ta kò-kò-kò díẹ̀ ní àárọ̀ kó tó fara balẹ̀, ni nǹkan tó kù tó ṣì ń dún.

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Ìgàndó. Ẹ̀gbẹ́dá là ń gbé, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ìsìnkú, mo fa gééjì ọ́ìlì yọ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo rí i pé ó gbẹ. Mo ra ọ́ìlì, mo rọ ọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó tún gbẹ. Kò sí ọ́ìlì nílẹ̀ níbi tí mọ́tò sùn sí, èyí túmọ̀ sí pé ń ṣe ló ń jó o. Láìpẹ́, èéfín búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í tú láti inú sàlẹ́ńsà. Bí mo bá wọ ọgbà ilé ìwé láàárọ̀, olùkọ́ ìṣirò á bo imú, á ní, “Tíṣà, a dúpẹ́ o, ẹ̀fọn ti kú tán ní Ìgàndó.” Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ọ, wọ́n sì fi kún orúkọ tí wọ́n ń pè mí lẹ́yìn.

Mo gbé mọ́tò lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mẹ́káníìkì náà ní kí n tẹ iná mọ́ ọn, ó wo èéfín náà, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé etí sí i. Kò tú nǹkan kan wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí: kò yọ pulọ́ọ̀gì kan ṣoṣo. Ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní ríǹgì inú ẹ́ńjìnnì, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì wọ ibi tí iná ti ń jó, ti jẹ. Mo bi í bóyá kò sí ohun mìíràn tó lè fà á. Ó ní kò sí. Mo bi í bóyá a lè pààrọ̀ ríǹgì nìkan. Ó mi orí.

“Àbúrò, àgbà tí eyín ti ká lẹ́nu rẹ̀, tí o bá ra eegun fún un, kí ló fẹ́ fi ṣe é? Bàbá ti lò ó tán. Jẹ́ kó sinmi.”

Ohun tó mú mi gbà kò ju gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lọ. Jẹ́ kó sinmi. Ó mọ ibi tí ọgbẹ́ mi wà, ibẹ̀ ló tẹ̀. Mo ní kó wá ẹ́ńjìnnì tókúnbọ̀ fún mi, ó wá a, ó yọ ti bàbá mi, ó gbé èyí sí i. Ẹ́ńjìnnì tókúnbọ̀ kì í bá rọ́bà àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ wá, nítorí náà ó tú ti àtijọ́ sórí tuntun. Ó sọ ìyẹn fún mi. Mi ò lè ní kò sọ ọ́.

Mi ò bèèrè ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ẹni tí kò bá gbé Alímọ̀ṣọ́ lè máa wò ó pé òmùgọ̀ ni mí, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀ ládùúgbò wa, ohun tí wọ́n bá yọ lára mọ́tò, ibẹ̀ ló ń gbé. Bó o bá ní kí wọ́n fún ẹ ní pulọ́ọ̀gì àtijọ́ rẹ, wọ́n á wò ẹ́ bí ẹni tó pè wọ́n lólè. Ìtìjú ni. Wọn kì í kọ òfin yìí sára ògiri, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mò ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́ pé kí wọ́n máa bèèrè pé “kí ló dé”, mo wo ẹ́ńjìnnì bàbá mi nílẹ̀ lórí táyà kan, pẹ̀lú 1, 2, 3, 4 lórí rẹ̀, mo ní ẹ kú iṣẹ́, mo wa mọ́tò mi lọ.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, gééjì gbẹ.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni. Mo nù ún, mo tún tì í wọlé, mo fà á yọ. Ó gbẹ. Kò pẹ́ tí èéfín búlúù fi padà, olùkọ́ ìṣirò sì bi mí bóyá ẹ̀fọn tuntun ló dé. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, mẹ́káníìkì náà ò tiẹ̀ dìde lórí àga. Ó ní tókúnbọ̀ ni, orí ló ń yan tókúnbọ̀ fúnni, pé kí n ní sùúrù, òun á bá mi wá òmíràn.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Nọ́ọ̀sì ni, kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, kò sì fẹ́ mọ̀. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ dúró ná. Ẹ́ńjìnnì méjì, àìsàn kan náà? Bí ọmọ méjì bá ń yàgbẹ́ gbuuru nínú ilé kan, ṣé inú àwọn ọmọ lẹ máa kọ́kọ́ là, àbí omi tí wọ́n jọ ń mu lẹ máa yẹ̀ wò?”

Mo jókòó. Ó tì mí lójú pé èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Kí ni ẹ́ńjìnnì méjèèjì jọ ń mu? Ohun tó kúrò lára ti àkọ́kọ́ wá sára èkejì ni. Rọ́bà àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ilé íńtánẹ́ẹ̀tì kan nítòsí ọjà Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kún fọ́fọ́ tí wọ́n ń fi ojú burúkú wo ẹni tó bá pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, mo ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa ẹ́ńjìnnì tó ń mu ọ́ìlì, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo gbé e wálé. Ohun tí mo kà yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kó yé mi. Ohun tí mo fi ń jẹun ni.

Ẹ́ńjìnnì máa ń mí. Bí iná ṣe ń jó nínú rẹ̀, díẹ̀ lára afẹ́fẹ́ gbígbóná náà máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì kọjá, á bọ́ sí ikùn ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọ́ìlì wà. Bí ríǹgì bá tiẹ̀ jẹ́ tuntun, díẹ̀ á yọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde. Àwọn tó ṣe mọ́tò wá fún un ní ihò imú méjì. Fááfù kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ wà lẹ́nu ọ̀kan, òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa afẹ́fẹ́ náà padà lọ síbi tí iná á ti jó o. Rọ́bà kan wà lẹ́nu èkejì, tó lọ sí ilé fílítà afẹ́fẹ́. Bí fááfù bá dí, afẹ́fẹ́ á gba ti rọ́bà, á máa tu ọ́ìlì sínú fílítà. Bí èèyàn bá wá lọ dí rọ́bà náà pẹ̀lú, ó parí. Afẹ́fẹ́ á máa kún inú ẹ́ńjìnnì bí inú ẹni tó jẹ ẹ̀wà tó sì jókòó láàárín àwọn àna rẹ̀. Á ti ọ́ìlì gba gbogbo ibi tí kò yẹ, á tì í gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì, ọ́ìlì á jó, gbogbo ayé á rí èéfín.

Lówùúrọ̀ Sátidé, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú ọgbà ilé wa. Mo tẹ iná mọ́ mọ́tò, mo jẹ́ kó máa dún jẹ́ẹ́jẹ́. Mo ṣí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, mo fi ọ̀rá píọ́wọ́tà tí mo ti fọ̀ gbẹ bo ẹnu rẹ̀. Ohun tí bébà mi sọ ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá ń mí dáadáa, á fa ọ̀rá náà mọ́lẹ̀. Ti èmi wú sókè bí bàlúùnù, ó sì fò lọ sórí bátìrì. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fò.

Mo pa iná, mo dúró kó tutù, mo fa fááfù náà yọ. Bí ó bá wà láàyè, bébà ní, tó o bá mì í létí, wàá gbọ́ tí yóò máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́. Mo mì í. Kò fọhùn. Ìdọ̀tí dúdú ti dì sínú rẹ̀ bí àjókù ìdí ìkòkò. Ó dára, fááfù lè dí. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo wá tú rọ́bà kejì, èyí tó lọ sí ilé fílítà. Ó wúwo jù bó ti yẹ lọ. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó le. Mo tú kílíìpù ẹnu rẹ̀, mo fi sukurudiráfà tì í láti ẹ̀yìn, bóòtù kan bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ táyà.

Bóòtù. Èèyàn ló mú un, tó fi ọ́ìlì pa á lára kó lè wọlé, tó tì í títí orí rẹ̀ fi wọ inú rọ́bà lọ kí ojú má baà rí i, tó sì wá fi kílíìpù dè é. Kò sí bí ó ṣe lè ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé títí di ìgbà yẹn, mi ò tíì bínú sí i. Mo ní àìmọ̀kan ni. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa: bí nǹkan kan bá ń yọni lẹ́nu lára mọ́tò, wọ́n á yọ ọ́ tàbí kí wọ́n dí i, wọ́n á ní àwọn òyìnbó ló nílò rẹ̀, kì í ṣe àwa. Bí mo ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn ilé ìwé, tí mo di bóòtù náà sínú áńkáṣíìfù, ń ṣe ni mo ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi kọ́ ọ tí kò ní dójú tì í.

Mo fi hàn án. Ó gbà á, ó yí i lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bàbá ló ní kí n dí i. O mọ Bàbá náà, wọn kì í fẹ́ rí ìdọ̀tí. Ọ́ìlì ń kán sínú fílítà, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹ. Mo sọ fún wọn, wọn ò gbọ́. Ṣé kí n wá bá àgbà jà ni?”

Mo gbà á gbọ́. Torí pé ó jọ ọ́. Bàbá mi tó máa ń fi aṣọ nu abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó máa ń pè mí padà láti ẹnu ọ̀nà torí bàtà mi. Mo rí i lójú mi bó ṣe máa na ìka sí fílítà náà. Mo sì ṣe ohun tí mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi: mo tọrọ àforíjì. Mo sọ fún ọkùnrin yẹn pé kó má bínú, mo gba bóòtù mi, mo padà sílé. Lójú ọ̀nà, bàbá mi ni mò ń bínú sí. Mo ń bá òkú jà láti Ìgàndó dé Ẹ̀gbẹ́dá, pé agídí rẹ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì tirẹ̀.

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rántí ìwé èèpo dúdú náà. Mi ò tíì ṣí i láti ìgbà ìsìnkú. Ó ṣì wà nínú píjìnhóòlù, lábẹ́ àwọn ìwé mọ́tò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ojú ìwé kẹta láti ìparí, pẹ̀lú àwọn 4 olórí ṣíṣí yẹn, bàbá mi kọ ọ́ báyìí:

“Ọ́ìlì nínú fílítà afẹ́fẹ́. Ó ní fááfù ìmí ló dí, pé bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò máa mu ọ́ìlì. Mo ní kí ó fi tuntun sí i. Ó ti fi tuntun sí i. Fílítà mọ́ tónítóní. Ọmọ dáadáa ni.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tò ó bó ṣe tẹ̀ léra wọn, torí bí a bá máa fẹ̀sùn kan èèyàn, ká fẹ̀sùn kàn án dáadáa. Ó mọ̀ pé fááfù ló dí, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kó pààrọ̀ rẹ̀, ó ní òun ti pààrọ̀ rẹ̀, kò pààrọ̀ rẹ̀. Ó dí ihò kejì kí fílítà lè mọ́, kí àgbàlagbà náà lè wò ó kí inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ó dúró lójú ibojì, ó ṣèlérí fún mi. Lẹ́yìn náà ó wo èéfín tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ fà, ó pè é ní ọjọ́ ogbó. Èyí tó wá burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, nígbà tí mo ká a mọ́, ó gbé e lé òkú lórí. Òkú tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ dáadáa ni.

Ọjọ́ kejì mo gbé ìwé náà, mo lọ. Mo dé kí òun tó dé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì bàbá kan tó ń na ara mọ́tò tó bá ti tẹ̀, tó dàgbà jù lọ nínú ọgbà náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Alága. A ń kíra wa lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́nu ọ̀nà.

Kò-kò-kò, lẹ́yìn náà ó fara balẹ̀.

Mo mọ ohùn náà. Mọ́tò aláwọ̀ eérú náà ló wọlé, èyí tó ti wà lórí òkúta. Mẹ́káníìkì náà sọ̀ kalẹ̀, ó rí mi, ó ní, “Àbúrò, o wà níbí?” ó sì gbé kẹ́tùrù, ó lọ ṣe àlùwàlá fún ìrun Alásárì. Mo dìde, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀ láì tọrọ ààyè. 1, 2, 3, 4. Àga tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Ká ní ìyẹn nìkan ni mo rí, bóyá ẹjọ́ mi ò bá pin síbẹ̀. Ó gbé ẹ́ńjìnnì tó ti kú, ó ń tún un lò, kí ló burú? Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀gbẹ́ ìdérí náà. Fááfù tuntun ló wà níbẹ̀, irin rẹ̀ ń dán. Rọ́bà tuntun ló wà lára èkejì, dúdú, rírọ̀, kílíìpù méjèèjì ò tíì dípẹtà. Mo fa gééjì yọ. Ọ́ìlì kún dé àmì òkè.

Ó mọ oògùn rẹ̀. Ó ní in lọ́wọ́. Mọ́tò ara rẹ̀ ló lò ó fún.

Mo dúró kó kírun tán. Ìyẹn nìkan ni sùúrù tó kù lára mi. Nígbà tó dé, Alága ti wá dúró tì mí, àwọn mìíràn náà ti gbé iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ iná mọ́ mọ́tò yín.”

Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò mí. “Kí ló dé?”

“Ẹ ṣá tẹ iná mọ́ ọn.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Mo ṣí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, mo mú ọ̀rá píọ́wọ́tà kan nílẹ̀, mo nù ún lára ṣòkòtò mi, mo fi bo ihò náà. Ẹ́ńjìnnì bàbá mi fà á mọ́lẹ̀ wùn, bí ọmọ ọwọ́ tó rí ọmú. Mo fi ọwọ́ fà á, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo wá sọ fún Alága pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sọ fún mi pé ríǹgì rẹ̀ ti jẹ nìyí. Mo ka ìwé bàbá mi sí wọn létí. Mo gbé bóòtù náà sórí fẹ́ńdà.

Mẹ́káníìkì náà ò sẹ́. Ohun tó sọ ni pé, “Ìwọ lo fi sílẹ̀. Ṣé o bèèrè ni?”

Alága yíjú sí mi. “Tíṣà, ṣé ẹ bèèrè ẹ́ńjìnnì yín lọ́jọ́ náà?”

Mo ní mi ò bèèrè. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ní òfin àwọn nìyẹn, ohun tí wọ́n bá yọ, tí oníbàárà ò bèèrè, ti ṣọ́ọ̀bù ni. Mo rò pé ẹjọ́ ti dá. Ó wá na ọwọ́, ó gbé e lé ọ̀rá tó ṣì lẹ̀ mọ́ ihò náà.

“Ṣùgbọ́n òkú là ń jogún rẹ̀. A kì í jogún ẹni tó ṣì ń mí. Lọ gbé e padà fún un.”

Mẹ́káníìkì náà wo ilẹ̀. Ó ní mọ́tò òun ti wà lórí òkúta fún ọdún mẹ́ta, pé àwọn ọmọ òun ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìṣẹ̀rí-Olófin lọ sí ilé ìwé. Ó ní, “Tí mo bá ti sọ fún ọ pé mo fẹ́ ẹ, ṣé wàá fún mi?”  Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń bí mi nínú, pé ó fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ fún mi láti máa gbé kiri.

Mẹ́káníìkì mìíràn ló gbé ẹ́ńjìnnì náà padà fún mi, lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú Alága lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Mo dúró tì wọ́n láti àárọ̀ títí wọ́n fi ṣe tán. Èmi ni mo ra fááfù àti rọ́bà, mo mi fááfù náà létí kí n tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Gbogbo ohun tí wọ́n yọ, mo ní kí wọ́n kó o fún mi, títí kan wáṣà kan tó ti fọ́. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń woni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wò. Láti ọjọ́ náà, gééjì kò gbẹ mọ́, olùkọ́ ìṣirò sì ti wá ẹlòmíràn tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Iléyá dé. Mo rò pé kò ní wá, kò sì wá, ìyàwó rẹ̀ ló rán. Abọ́ búlúù náà, itan àgbò, gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo ọdún. Ìyàwó mi gbà á, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì sè é. Mo ní mi ò ní jẹ ẹ́. Ó bu tèmi fún àwọn ọmọ. Ó ní, “Ẹran kọ́ ló dí rọ́bà.”

Nígbà tí Kérésìmesì dé, tó fẹ́ bu ìrẹsì sínú abọ́ náà, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ mi, mo mú bóòtù náà, mo gbé e sínú abọ́, mo dé e. Ó dún gbì. Ìyàwó mi gbé ṣíbí ìrẹsì kalẹ̀.

“Màmá ò ní ṣe báyìí.”

Mo mọ̀. Mo gbé e lọ fúnra mi.

Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń tú táyà. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà, ó ní ẹ kú ọdún, ká ṣe ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ṣí i. Mo rò pé á sọ̀rọ̀. Mo ti kó ọ̀rọ̀ tèmi jọ sílẹ̀, mo ti tò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mú bóòtù náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fi èékánná wo ilà tó yí ara rẹ̀ ká bóyá ó ṣì mú. Ó wá yí padà, ó jù ú sínú agolo mílíìkì tó wà lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, láàárín àwọn bóòtù mìíràn. Ó ní á wúlò.

Bí mo bá rí mọ́tò tó ń rú èéfín búlúù lójú ọ̀nà Ìgàndó báyìí, agolo yẹn ni mo máa ń rántí.